Ọ̀rá Búrẹ́dì Uncle

Èmi ni mo sọ wọ́n ní "Uncle Búrẹ́dì", kò sì yẹ kí n ṣe é. Yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Peckham, nílùú London. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó gbọ́ wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́. Wọ́n á fi òrí pa ẹsẹ̀, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀rá búrẹ́dì, wọ́n á tún wọ ìbọ̀sẹ̀ míì lé e.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Òtútù mú débi pé mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Uncle dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n bọ́ ọ̀rá wọn fún mi.

"Uncle, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ̀ ọ́ jàre! Ẹsẹ̀ tèmi ti yi."

Mo gbàgbé ọ̀rá náà sẹ́sẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ìgbà tí mo bá forí kanlẹ̀, wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́! Bí a ṣe sálámà tán, Uncle ni gbogbo èèyàn yíjú sí.

"Uncle Búrẹ́dì, ẹ tún ti dé!"

"Ẹ má bínú," ni wọ́n wí, "ebi ló ń pa ẹsẹ̀ mi."

Wọn ò tú mi fó. Ẹsẹ̀ tútù ni wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ délé. Títí dòní, mo ṣì jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kan àti ọ̀rá búrẹ́dì méjì.