Bàbá Ọdúntán àti Ìran Postgres

Èyí tí Iléṣà fi ń rántí olóògbé Cornelius Ọdúntán, ọ̀gá akọ̀wé ilé ìwòsàn wa, jù ni ti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Nọ́síràtù lẹ́yìn ìbímọ, tí bàbá sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń pìtàn ìdílé.

Ọdún 1996 ni. Nínú gbogbo àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ti Béjidé nìkan ló bá ti Nọ́síràtù mu. Phebe, akọ̀wé wa, wo ibi tó ń gbé. Ìmẹ̀sí-Ilé tó jìnnà ni kọ̀ǹpútà wí. Àmínù, ọkọ Nọ́síràtù, ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.

"Dúró," ni bàbá wí. "Àárín Iléṣà yìí ni Béjidé ń gbé, mi ò kàn mọ ojúlé ni. Ta ló yí i?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ibi tí bàbá ẹni ti wá nilé ẹni. Àná ni mo tún ti gbogbo wọn ṣe."

Bàbá fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Òótọ́ ni Phebe sọ. Bàbá kì í fọwọ́ kan ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè ẹni tó bí i, pé, "Ọmọ yèsí ni?" Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fi dísíkẹ́ẹ̀tì gbé Postgres wá láti òkè òkun, kí kọ̀ǹpútà lè máa fi tọ́jú orúkọ, orí pẹpẹ ló wà títí bàbá fi gbọ́ ìran rẹ̀: pé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló bí Ingres, tó kọ́kọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé Postgres dé lẹ́yìn rẹ̀ bí Ìdòwú ṣe ń dé lẹ́yìn ìbejì, pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ́ ọ ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ayé. Nígbà tó gbọ́ pé ẹni tó ṣe MySQL, tí òun náà ń tọ́jú orúkọ, fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é, ó ní, "Ọlọ́mọ ni. Ẹ jẹ́ kí òun náà wọlé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àmínù wí, "ìyàwó mi ń kú lọ."

"Mo mọ̀. Ìran Postgres yìí kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ kọ, á fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àná, àfi bí wọ́n bá gbá a dànù." Ó yíjú sí Phebe. "Ṣé o ti gbá a, bí mo ṣe ní kí o máa gbá a láràárọ̀?"

Phebe wolẹ̀. "Ọ̀lẹ ló mú mi, sà."

"Kí Ọlọ́run bù kún ọ̀lẹ náà."

Bàbá tẹ ọjọ́ ìjẹta, kí kọ̀ǹpútà lè fi ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà hàn. Ojúlé Béjidé yọ: Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àmínù ti jáde kí bàbá tó kà á tán. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Béjidé wọ̀ dé. Nọ́síràtù kò kú.

Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹbí ń jà lórí ìwé ìkéde òkú rẹ̀: ará Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí bàbá tó bí i ti wá, ni, àbí ará Iléṣà, níbi tó gbé? Phebe ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Nọ́síràtù dúró tì í, òun àti ọmọ tó bí lọ́jọ́ yẹn. Phebe tẹ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó tẹ Iléṣà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní kó pa ọ̀kan rẹ́.

"Bàbá ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì fi méjèèjì sílẹ̀.