Ìyá Gbọ́lá àti Lékeléke Ọdún Tí Wọ́n Ti Bọ́dà

Wọ́n ní àwọn ṣọ́jà tó wà ní bọ́dà kò jẹ́ kí lékeléke kọjá wọlé lọ́dún náà. Ibi ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń wo ojú ọ̀run. Bí ìrẹsì àti epo ọkọ̀ kò bá kọjá, ta ni yóò jẹ́ kí ẹyẹ kọjá?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Ìyá Gbọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Oko rẹ̀ ní Ìlóbì fara ti ọgbà ńlá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko. Lékeléke máa ń bá ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ti kó lọ, òjò dé nìyẹn, Ìyá Gbọ́lá á gbin àgbàdo. Lọ́dún náà, irúgbìn tó ní kò ju abọ́ kan lọ. Òdìkejì bọ́dà ló ti ń rà á, ọ̀nà sì ti dí. Bó bá ṣì í gbìn, ó di àmọ́dún.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló bá ní kí n máa bá òun ṣọ́ ẹyẹ. Mo gba iṣẹ́ náà bí oyè ìjọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo pariwo, "Wọ́n ti dé! Ẹyọ kan rèé lórí igi!" A wò ó títí, kò fò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹyẹ tìẹ yìí mà ní sùúrù o."

Kí àwọn gidi tó dé, mo ti tún jẹ́rìí sí síńgílẹ́ẹ̀tì ẹnìkan tí atẹ́gùn gbé. Nígbà tí wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù létí ọgbà, wọ́n funfun bí àwa obìnrin lọ́jọ́ Ìdàpọ̀ Mímọ́. Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, mo wẹ̀yìn wò, mo ju ọwọ́ sí wọn kí wọ́n fún mi ní èékánná funfun, bí ọmọdé.

Ní oṣù kejì, òjò kan rọ̀. Lójijì, kò sí lékeléke mọ́. Ìyá Gbọ́lá gbé irúgbìn rẹ̀ wá sílé wa, ó ní kí n bọ́ sọ́nà oko.

"Ẹ má tíì gbìn ín," mo ní. "Òjò kọ́ ló lé wọn. Àwọn tó ń ti Kútọnu wá ra màlúù kò ríbi wọlé, làwọn darandaran fi kó ẹran wọn gba apá Ayétòrò. Mo pàdé wọn lánàá, lékeléke wà lẹ́yìn wọn."

"Ìwọ lo rí wọn?"

"Ojú mi báyìí ni."

"Ṣé ojú tó rí síńgílẹ́ẹ̀tì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wọ̀nyí ń fò!"

"Ìyá mi gbìn ín bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i gbìn ín bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kò purọ́ fún wọn rí."

"Ta ló ti bọ́dà nígbà tiwọn? Ẹ jẹ́ kí òjò tún rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí irúgbìn yìí bá jóná sínú ilẹ̀, níbo lẹ ti máa rí òmíràn? Noa pàápàá dúró ọjọ́ méje kó tó tún rán àdàbà jáde."

Ó ti ń ká òṣùká. "Noa kò dáko Ìlóbì."

"Ó gbin àjàrà! Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín..."

Mo yíjú sí tábìlì láti mú Bíbélì. Kí n tó rí orí kẹsàn-án, ó ti gbé abọ́ rù, ó ti mú ọkọ́, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko.