Olùkọ́ tó fìdí rẹmi nínú èdè ìyá rẹ̀

Bí a bá dárúkọ olóògbé Olive Kwandibens ní Kinoje, abúlé wa tó wà ní àríwá pátápátá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rántí ìsìnkú rẹ̀ tàbí ọdún rẹpẹtẹ tó fi kọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ olùbẹ̀wò ilé-ìwé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n lórí adágún ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ.

Oṣù Kejì ni. Òtútù ọjọ́ náà le débi pé irun imú èèyàn ń dì gbagidi. Ọkùnrin náà ń jẹ́ Pratley. Ó bá ọkọ̀ òfuurufú kékeré dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní gúúsù, ó gbé fọ́ọ̀mù oníbéèrè méjìlélógójì dání, ó ní òun wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Ojibwe, èdè àbínibí wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni nóòtù ẹ̀kọ́ wà. Kukum Olive nawọ́ sí adágún. (Kukum ni à ń pe ìyá àgbà, gbogbo abúlé ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.) Ó ní abẹ́ yìnyín ni nóòtù òun wà, kí ọ̀gbẹ́ni lọ wá bàtà tó nípọn wọ̀.

Ni wọ́n bá lọ fa àwọ̀n tí wọ́n dẹ sábẹ́ yìnyín, òun, ọmọ mọ́kànlá, àti Pratley. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí adágún. Ẹni tó bá sọ ọ́, òun ni yóò máa ru bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹja títí ẹlòmíràn yóò fi ṣì í sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Olive kò kìlọ̀ fún àlejò. Ó ṣàlàyé òfin náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní Ojibwe, ọkùnrin náà sì mi orí pé ó ti yé òun.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò kúrò lọ́wọ́ Pratley mọ́. Nígbà tó yá, tíì tó mu ní ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ó bi àwọn ọmọ pé níbo ni wọ́n ti ń tọ̀ níbí. Àwọn ọmọ ń wo òfuurufú. Ó bi Olive. Olive na etí bí ẹni tó dití. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ló ṣàánú rẹ̀, tó sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: *Niwii-zhishig*, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Pratley tún un sọ. Olive ní kò tíì dára, ó ń fi eyín sọ ọ́, kó jẹ́ kó gba imú jáde. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọkùnrin náà sọ ọ́, tó ń fò sókè sódò pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, kí Olive tó tọ́ka sí igbó. Wọ́n ní nínú ìbéèrè méjìlélógójì yẹn, ẹyọ kan ló rójú dáhùn, èyí tó bèèrè bóyá wọ́n ń kọ́ni ní èdè náà lọ́nà tó wúlò fún ìgbésí ayé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: púpọ̀púpọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òfin bọ́kẹ́ẹ̀tì ti wá kò ní láti rìn jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Olive nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé ìjọba, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn, tí àwọn àlùfáà ń ṣe ọ̀gá. Ìgbàkígbà tó bá sọ Ojibwe, wọ́n á fi ọṣẹ fọ ẹnu rẹ̀. Olive kì í sunkún bó bá ń sọ ọ́. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé ọṣẹ náà kò tiẹ̀ dáa, kì í hó.

Pratley fúnra rẹ̀ kò bínú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ka ìròyìn rẹ̀, tí wọ́n rí i pé olùkọ́ náà kò ní sátífíkéètì. Lẹ́tà dé: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa kọ́ni ní Ojibwe gbọ́dọ̀ wá ṣe ìdánwò Ojibwe ní ìlú Thunder Bay. Olive ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Èdè náà ló fi ń gbàdúrà, òun ló fi ń lá àlá, òun ló fi ń bá ajá wí. Ó fi ọjọ́ méjì rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀sẹ̀ kan bínú, lẹ́yìn náà ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi òkú, ó lọ ṣe ìdánwò.

Wọ́n fún un ní ìtàn kan pé kó kà, kó sì dáhùn ìbéèrè. Ìlà méjì péré ló kà tó nawọ́ sókè, tó sọ fún obìnrin tó ń ṣọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ òun rèé. Òótọ́ ni. Ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ọkùnrin kan láti yunifásítì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí ilé ìdáná rẹ̀, ó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Olive sì sọ ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti apẹja fún un. Obìnrin náà ní kó dákẹ́, ìdánwò ni. Ìbéèrè kẹsàn-án sọ pé: kí ló wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ ìtàn yìí? Olive kọ ọ́ pé, “Ebi ń pa mí. Mo fẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ kí n lè dáná.” Wọ́n fún un ní òdo. Ìdáhùn tí wọ́n ń wá ni pé ìrẹ́pọ̀ wà láàárín ènìyàn àti ẹranko.

Nígbà tí wọ́n tún yọ máàkì nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, tí kò kọ ọ́ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́, ó gba mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá fi irú èsì bẹ́ẹ̀ dáná. Olive fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àlejò tó bá wọlé, kó tó rí àga jókòó, á ti fi í hàn án. “Wò ó dáadáa,” á ní, “mi ò gbọ́ èdè mi. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i.”

Ẹni tí wọ́n wá rán wá rọ́pò rẹ̀ ni Danika Ogemah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ ọmọ àbúrò Olive gan-an. Ìlú ńlá Winnipeg ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà, yunifásítì ló ti kọ́ Ojibwe, ó sì gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ìdánwò tó gbé ìyá àgbà rẹ̀ ṣubú. Wọ́n sọ Olive di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Danika dúró níwájú kíláàsì, ó kí àwọn ọmọ ní Ojibwe tó mọ́ gaara, tí gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ àlùfáà níbi ìsìnkú. Olive tó jókòó lẹ́yìn wò yíká, ó bi àwọn ọmọ pé, “Ta ló kú?”

Ká má parọ́ nítorí pé èèyàn ti lọ: Olive hùwà ìkà sí ọmọ yẹn. Bí Danika bá ti ṣi ọ̀rọ̀ pè, Olive á wúkọ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ikọ́ náà sínú ìwé ìṣirò wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ikọ́ di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí agogo tó lù. Danika gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì padà wọlé. Olive ló kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ tó kù, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó pa ẹtu ńlá.

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, Danika lọ bá a nílé. Kò jókòó. Ó ní, “Kukum, ìyá mi gbọ́ èdè yìí, kò sì sọ ọ́ sí mi létí rí. Ẹ̀rù ló ń bà á nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Inú ìwé ni mo ti lọ ṣa á, ẹyọ kan ẹyọ kan. Bí mo bá la ẹnu báyìí, ọkàn mi á máa lù. Ẹ ń wúkọ́ sí mi. Kukum, ọṣẹ ni ikọ́ yẹn.”

Olive bu tíì fún ọmọ náà, ó bu ṣúgà ṣíbí mẹ́fà sí i láìmọ̀, Danika sì mu ún bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, Olive fa àga kékeré kan, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Bí Danika bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, Olive á dá a lóhùn bí ẹni tó ń bá a tàkúrọ̀sọ lásán, á sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Ikọ́ tán. Àwọn ọmọ bínú, nítorí wọ́n ti ń fi súìtì ta tẹ́tẹ́ láàárín ara wọn lórí iye tí ikọ́ yóò jẹ́.

Kò wá túmọ̀ sí pé ó di ẹni mímọ́. Ìgbéraga rẹ̀ kò fi ibì kan lọ. Kò sí ohun tí wọ́n máa béèrè orúkọ rẹ̀ ní Ojibwe tí yóò ní òun kò mọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì búra pé ìyá ìyá ìyá òun ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní orúkọ gígùn kan. Danika rọra bi í pé níbo ni ìyá àgbà náà ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Olive ní ìyá náà máa ń ríran.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dúró níwájú rẹ̀, Isadore Meekis, ògbólógbòó ọdẹ onípàkúté tó ń wá sí ilé-ìwé láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté. Nínú Ojibwe, ohun gbogbo pín sí méjì, alààyè àti aláìlẹ́mìí, bó o bá sì ṣe pín in ni ọ̀rọ̀ rẹ ṣe máa yí. Ọmọ kan béèrè pé ṣé alààyè ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Olive ní alààyè ni, nítorí pé bí òtútù bá mú, kì í fẹ́ jí. Isadore ní òkú ni, ẹ̀rí tirẹ̀ náà sì ni pé bí òtútù bá mú, kì í jí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sínú yàrá kan náà, wọ́n á máa rán Danika sí ara wọn. Ọmọ náà kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ kó dá ẹjọ́ náà. Ìyẹn fi ojú ìwé mọ́kànlá fèsì pé ọ̀nà méjèèjì ló tọ́. Olive ní ojú ìwé mọ́kànlá ti pọ̀ jù láti fi sọ pé ‘mi ò mọ̀’.

Lọ́dọọdún ni Danika ń kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé ìtìjú ni kí wọ́n máa pe obìnrin yìí ní olùrànlọ́wọ́. Lọ́dún kẹrin, ó sú wọn, wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí ọlá ránṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ wúrà àti ìlà méjì Ojibwe nísàlẹ̀. Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Wọ́n ṣi Ojibwe náà kọ. Olive yá pẹ́ńsùlù pupa lọ́wọ́ ọmọ kan, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó fún wọn ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó sì dá a padà sí gúúsù.

Àyà ló pa á, ní ìgbà tí yìnyín adágún ń di dúdú tó fẹ́ yọ́, lọ́dún tó pé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nílùú, Danika bá a lọ. Àwọn tó ń retí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó jinlẹ̀ kò rí nǹkan kan gbọ́. Ohun tó béèrè ni pé ṣé wọ́n ti yọ àwọ̀n kúrò nínú omi. Danika dá a lóhùn, kò sì mọ̀ pé Ojibwe ni òun fi dá a lóhùn àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde tán. Olive la ojú kan. Ó tún ìparí ọ̀rọ̀ kan ṣe fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sùn. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ló lọ.

Nígbà ooru tó tẹ̀ lé e, ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Danika lọ ra ìyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn pẹpẹ, àwọn ọmọbìnrin méjì tí kò ju ọdún méje lọ ń jà lórí páálí ànàmọ́ díndín kan. Wọn kò rí i. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sí àgbàlagbà kankan, kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ojibwe ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ọ̀kan sọ ohun kan nípa etí ìkejì àti ìdí ehoro, ìkejì dá èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ padà, gbogbo rẹ̀ ń gba imú jáde, ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jókòó sí ipò rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú èébú wọ̀nyẹn tó wà nínú ìwé kankan, Danika sì mọ ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Olùkọ́ ni, ó yẹ kó lọ là wọ́n. Ó gbé ìyẹ̀fun mọ́ àyà, ó fara ti pẹpẹ, ó bo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín òun, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi jà tán.