Ṣòkòtò Tí Wọn Kò Wá Gbà

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Ìyá Aránṣọ fi rán ṣòkòtò, ohun méjì ló sì máa ń fi yangàn fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Èkíní, ojú rírán òun kì í tú. Orúnkún ṣòkòtò lè lu, ìdí rẹ̀ lè já, ṣùgbọ́n ibi tí maṣíìnì òun bá ti kọjá, ó di títí ayé. Èkejì, òun kò sọ "padà wá lọ́la" fún oníbàárà kankan rí. Gbogbo ayé ló mọ irọ́ aránṣọ, àmọ́ ọjọ́ tí òun bá dá ni aṣọ ń jáde. Àwọn oníbàárà gan-an ni òpùrọ́. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní yà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó maṣíìnì rẹ̀ àti àpótí onírin ńlá kan wá sí yàrá kan tó ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má rò pé ẹ̀yìnkùlé gidi ni o! Símẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ògiri yí i ká, bí a bá tẹ́ ẹní méjì síbẹ̀, ó ti kún. Níbẹ̀ ló ti ń gbin nǹkan: tòmátì nínú garawa ọ̀dà, ata nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti jó, alùbọ́sà eléwé nínú báfù tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, efinrin àti míǹtì, ewé olóòórùn dídùn, nínú agolo mílíìkì. Láàárọ̀, kó tó fọ ẹnu, ó ti lọ kí wọn. Á fi àtàǹpàkò tẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, bó ṣe máa ń tẹ aṣọ wò kó tó gé e. Ọwọ́ tó ti ń wá iṣẹ́ kiri ti rí iṣẹ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Àfi alámòójútó ilé. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ayálégbé ń pè é, nítorí wọ́n á ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó kan lẹ́tà mọ́ ilẹ̀kùn: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí gbogbo garawa kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kò wà fún ohun mìíràn ju aṣọ sísá lọ, aṣọ nìkan ni òun sì fẹ́ rí lórí ọ̀pá irin tó wà lára ògiri níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á kó ohun gbogbo dànù.

Ọmọbìnrin Ìyá Aránṣọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́, ó pè é lórí fóònù. "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá ti kó wọn dànù báyìí, mo ń bọ̀ wá kó yín. Ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ sinmi."

Jókòó! Ìyá Aránṣọ mọ ìjókòó yẹn. Àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n níwájú, "ẹ má dìde, Màámi" lẹ́yìn. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àga yẹn ń bà á lẹ́rù ju ibojì lọ.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?" ló fi dá a lóhùn, ó sì pa fóònù.

Ó tún lẹ́tà náà kà lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ nìkan. Ó dìde, ó ṣí àpótí onírin. Ṣòkòtò mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, gbogbo èyí tí àwọn tó ni wọ́n kò wá gbà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"Aṣọ ni wọ́n fẹ́, àbí?" ó wí fún àpótí. "Wọ́n á rí aṣọ."

Ó fi itọ́ tẹ ẹnu òwú lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó wọ ihò abẹ́rẹ́. Ó fi ọ̀rá tó nípọn tí ìdí rẹ̀ ṣí tẹ́ inú ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan, ó rán ọ̀rá àti ẹsẹ̀ wọn pa pọ̀ ní ìlà mẹ́ta, ó gbé wọn kọ́ sára ọ̀pá irin, ó wá ń fi agolo bu iyẹ̀pẹ̀ sí wọn. Ó lọ́ ohun ọ̀gbìn rẹ̀ láti inú garawa wá síbẹ̀. Tòmátì yọrí ní ìbàdí, alùbọ́sà yọ lápò ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ lérán, ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín ìkà.

Lọ́jọ́ kẹfà, ewé tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ata sorí kọ́. Ó rò pé òùngbẹ ni, ó tún bomi sí wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ki ọwọ́ bọ ìbàdí ṣòkòtò kan, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ẹrẹ̀ tó ń rùn. Omi kò rí ibi gbà jáde. Àwọn garawa àtijọ́ ti lu nídìí kó tó rí wọn he, kò fìgbà kan ronú nípa ihò. Ojú rírán tí kì í tú ló ń pa ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Ká ní aránṣọ ọ̀lẹ ló rán wọn ni, omi ì bá ti jò dànù.

Ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú o, inú ló ń bí i. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ohun tí kò ṣe rí látọjọ́ tó ti ń ránṣọ. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ń yọ eyín. Omi dúdú ṣàn jáde, ó wọ gọ́tà lọ. Tòmátì mẹ́rin kú. Àwọn yòókù ro ara wọn wò, wọ́n sì gbórí sókè.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọmọ rẹ̀ dé ní ọ̀sán gangan, báàgì ńlá òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jókòó tí kọ́kọ́rọ́ fi ń dún bọ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Mo kọ lẹ́tà sí yín."

"Mo kà á. Wọlé."

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣòkòtò mẹ́tàlélógún tò sára ògiri bí àwọn ọkùnrin tó ń dúró de ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn ki pọ́pọ́, ewé sì ń jáde ní ìbàdí wọn.

"Mà, kí lèyí?"

"Aṣọ ni. Mo sá a."

"Ẹ̀fọ́ ni, mà!"

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé aṣọ nìkan. Èwo níbẹ̀ ni kì í ṣe ṣòkòtò? Fọwọ́ kàn án."

Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń lọ látorí ọ̀kan dé èkejì, ó ń wá ẹ̀sùn. Níwájú ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan tí míǹtì ti bo ìbàdí rẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró. Àpò tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ní kí wọ́n rán.

"Àpò kọ́kọ́rọ́," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lo ní kí n rán an. Ọdún méjìlá rèé. Ọjọ́ tí mo dá fún ẹ gan-an ló ṣe tán."

"Ṣòkòtò ìgbéyàwó mi ni, mà. Ìyàwó ló ní òun ò ṣe mọ́. N ò lè wá gbé e."

Ìyá Aránṣọ já ewé míǹtì kan, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbé e símú, ó fa òórùn rẹ̀ pẹ́. Ó ká ẹ̀dà lẹ́tà náà tó mú lọ́wọ́ wá, ó fi í sápò. Ọmọ Ìyá Aránṣọ ti báàgì òfìfo sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó lọ pọn omi wá fún tòmátì.

"Mà," Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wí, "ìgbà wo ni mo wá lè wá gbé ṣòkòtò mi?"

Ìyá Aránṣọ wo míǹtì, ó wo ọkùnrin náà. Ọdún mọ́kànlélógójì, kò sọ ọ́ rí.

"Padà wá lọ́la," ó wí.