Alùpùpù Wolé-wolé ní Ìdí-Iyeyè

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Adérógbà fi ṣe wolé-wolé fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Èrúwà. Láti ìgboro títí dé abà, kò sí àmù omi tí kò fojú wò rí. Ó mọ ilé tí tanwíjí ti ń jó nínú omi mímu, ó mọ ẹni tó ń da ìdọ̀tí sẹ́yìnkùlé ọmọnìkejì, ó sì mọ ọ̀nà kóòtù bí ẹní mọ ọ̀nà ilé àna rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ní ó tó gẹ́ẹ́, kó lọ sinmi, ìsinmi ọ̀hún ló fẹ́ pa á.

Ó kọ́kọ́ sin adìẹ. Ó ń fọ ilé adìẹ náà láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, àwọn adìẹ kò rójú yé ẹyin. Ó lọ jókòó ti àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi, kò lè jókòó kí ọpọ́n kan parí. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí àmù àwọn aládùúgbò wò. Obìnrin kan nínú wọn kò lè mú un mọ́ra, ó ní, "Bàbá Peculiar, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn tì í dáadáa."

Keturah ìyàwó rẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún Keturah, àwọn tó ti kọ́ ní ABD rí kún inú ilé, wọ́n kún ìta, àwọn míì ti di bàbá ọlọ́mọ. Nígbà tó kan Adérógbà, akọ̀wé méjì láti ọ́fíìsì ló wá, ọ̀kan sì tètè lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún, ó dùn ún dénú egungun. Nígbà míì yóò dìde lórí àga, yóò rìn dé ẹnu géètì, yóò padà, yóò tún dìde.

"Bàbá Peculiar, ẹ ó rin ilẹ̀ ilé yìí lù," Keturah á wí. "Ẹ jókòó, kí ojú mi má baà máa pòòyì."

"Bí mo bá ti jókòó, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé mo ti kú, pósí lẹ kàn ń dúró dè. Màmá Peculiar, ta ni mo wúlò fún nínú ayé mi? Dárúkọ ẹnì kan péré."

Keturah wá ẹni tí yóò dárúkọ. Kò tètè rí, ó bá ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Ọláníyì wá bá ìjọ wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ láwọn abà Ìbàràpá. Ọmọ apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Bí orí bá sì bá a ṣe é, ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ á gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Ó gbé bàtà rẹ̀ sókè kí ìjọ rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn káàánú, wọ́n mi orí, wọ́n ń wá owó kékeré nínú àpò. Adérógbà ti dìde ní tirẹ̀. Ó jáde, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i tó ń ti alùpùpù tó fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé bọ̀ gba àárín ìjọ. Àwọn akọrin sá sẹ́yìn. Ó gbé e dúró níwájú pẹpẹ, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi lé Ọláníyì lọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà fẹ́ ṣí òrùlé.

Nígbà tí wọ́n délé, Keturah bi í pé kí ni yóò máa gùn.

"Ọlọ́run ni mo fún."

"Mo gbọ́. Ṣé Ọlọ́run ló ní kí n má bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ó máa gùn?"

Adérógbà ń kọrin wọ yàrá. Inú rẹ̀ ń dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sùn di àárọ̀. Ohun tó ti ń wá nìyí: òun náà ti wúlò. Láti ìgbà náà, bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, epo Ọláníyì ló kọ́kọ́ ń rà, ó ra Bíbélì, ó ra àtùpà onítànṣán oòrùn fún àwọn ará abà. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan: gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí Ọláníyì gbé alùpùpù náà wá sílé kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Wolé-wolé kò sì kú lára rẹ̀. Yóò fọwọ́ tẹ táyà, yóò fa ọ́ìlì wò, yóò ní, "Pásítọ̀, kí lẹrẹ̀ ń wá níbí?" Ọláníyì á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó fún un lẹ́bùn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ọláníyì dé, kò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ dá alùpùpù yín padà."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí Ìdí-Iyeyè tẹ́lẹ̀, èèyàn bí ogún ló ń jókòó gbọ́rọ̀. Látìgbà tí mo ti ń gun èyí lọ, n kì í bá ẹnì kankan nílé. Iná wà lábẹ́ ìkòkò, èèyàn kò sí. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé ẹ̀mí tó wà ní abúlé yẹn lórí, kò lọ."

Inú bí Adérógbà gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe tó dáa, wọ́n tún fẹ́ dá a padà fún un! Ó ní irọ́ ni, Ọláníyì ni kò mọ̀ ọ́n wàásù. Ó fi fìlà dérí, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó ní kó gbé òun lọ.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí lórí bó ṣe ń pa jíà. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé sàléńsà alùpùpù yìí ti fọ́ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí wẹ́dà kan jó o pọ̀, kò sì sí alùpùpù mìíràn ní gbogbo Ìbàràpá tó ń ké bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe yà ní kọ́nà tó wọ Ìdí-Iyeyè, ẹnì kan figbe ta lẹ́yìn ilé: "Wolé-wolé dé o!"

Ariwo sọ. Obìnrin kan gbé àmù rẹ̀ wọ inú yàrá. Òmíràn da omi nù sẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọdé tí wọn kò mọ wolé-wolé rí náà sá wọnú oko ẹ̀gẹ́, torí pé ìyá wọn ń sá. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Adérógbà, ẹ̀rín ìgbéraga ni, pé wọn kò tíì gbàgbé òun. Lẹ́yìn náà ló rí ojú Ọláníyì.

"Bàbá," Ọláníyì rọra sọ ọ́, "ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ti ń sá fún látọjọ́ yìí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún jókòó sábẹ́ igi iyeyè, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, wolé-wolé. Àmù mi wà nínú ilé, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi kì í yẹ àmù wò mọ́, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti fi alùpùpù yìí fún iṣẹ́ Ọlọ́run."

"Háà. Ọlọ́run kú oríire."

"Mi ò dá ọ mọ̀, ìyá."

"Ẹ ò lè dá mi mọ̀. Màmá Abíọ́nà ni wọ́n ń pè mí."

Ta la fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún? Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà ló ń jẹ́ Abíọ́nà. Adérógbà kò béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n obìnrin náà sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oyún mi ti pé. Ẹ ṣí àmù mi, ẹ rí tanwíjí, ẹ fẹsẹ̀ tì í, ó fọ́. Ẹ ní kí n lọ pọn omi tó mọ́. Odò tó wà nítòsí ti gbẹ, mo rìn dé ìkejì. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni ọmọ mú mi. Mo gbọ́ ìró alùpùpù yìí lẹ́yìn, mo ní, Ọlọ́run ṣeun, ìrànwọ́ dé. Mo na ọwọ́. Ẹ yà fún mi, ẹ sì kọjá lọ."

Adérógbà wá ọjọ́ náà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù lọ, pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lára òun, kò sì dúró sí ibì kankan.

"Mi ò rántí," ó wí.

"Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò lè gbàgbé."

Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀gẹ́, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Àwọn tó sá sínú oko ń yọjú. Ọláníyì sáré wá gbé e, Adérógbà gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Màmá Abíọ́nà kò ní kó dìde. Ó mú ẹ̀gẹ́ kan sí i, ó bó o tán, ó jù ú sínú agbada, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ dìde, bàbá. Pásítọ̀ yìí kò ṣẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Èrúwà ló ń lọ, yóò sì ku àwa nìkan. Bí alùpùpù yìí yóò bá máa wá síbí, kó máa sùn síbí. Ẹni tí ọmọ bá mú, ẹni tí ejò bá bù jẹ, kó gbé e. Bí kò bá ní lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé e lọ."

"Mo lè kó wá síbí," Ọláníyì ní. "Bí Bàbá bá gbà."

Àwọn méjèèjì ń wo Adérógbà. Òun ń wo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí alùpùpù bá ń sùn síbí, ta ni yóò máa gbé e wá sílé? Kí ni yóò máa yẹ̀ wò? Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò, ó ń di kọ́kọ́rọ́ kejì mú. Ọláníyì kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ méjì. Ká sòótọ́, Adérógbà kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní alùpùpù; ó kàn fi yá Ọlọ́run ni. Ojú tì í. Ó mú un jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Abíọ́nà. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó so ó mọ́ etí ìró.

Ẹsẹ̀ ni Adérógbà fi rìn dé títì.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan kan lágbàlá tí yóò yẹ̀ wò. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Keturah bu tíì fún un, ó bá a tó ń wọ bàtà oko.

"Níbo tún ni?"

"Ìdí-Iyeyè. Mo mọ ibi tí kànga lè wà nílẹ̀ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún wọn rí. Mo fẹ́ lọ fi hàn wọ́n, èmi ni n ó sanwó agbẹ́kànga."

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ná. Kí ló ń lé yín?"

"Mo jẹ obìnrin kan ní omi," ó wí, ó ṣí ilẹ̀kùn.