Ìkòkò Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tó Jò

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ló ní bí òyìnbó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ní ó gba omi dúró, bí ìkòkò tí kò jò. Mo ní ó dáa o, kí wọ́n wá gbọ́ ti ìyá ìyá mi. Nílé tiwa, ìkòkò tó jò ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣubú.

Òkúkù ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti ń mọ ìkòkò. Nígbà tí ogun lé wọn dé Ìkìrun, ọwọ́ lásán lòun àti Ògúnṣọlá ọkọ rẹ̀ bá wọ̀lú. Ó wá amọ̀, ó mọ ìkòkò kan, ó sun ún. Bí ìkòkò bá ti iná jáde, gbígbóná rẹ̀ la ti ń wọ́n omi èèpo irú sí i lára kó má baà jò. Ìdí iná yẹn gan-an ni ìrọbí ti mú un. Ta ló fẹ́ rántí omi èèpo? Ìyá mi ló bí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹfà, omi tán nílé. Ìyá ọmọ ò tíì lè rìn jìnnà, ni Ògúnṣọlá bá gbé ìkòkò tuntun, ó di odò lẹ́yìn odi ìlú. Bó ṣe pọn omi tán tó ń bọ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin. Ó kó wọ igbó, kò jáde títí oòrùn fi kan àtàrí. Kó tó dé ẹnubodè, ìkòkò ti gbẹ.

Oníbodè bú sẹ́rìn-ín. "Omi lo lọ pọn? Ìkòkò ò fọ́, kò sán, omi wá dà? Amí ni ọ́!" Wọ́n dè é. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi amí ṣe lásìkò ogun.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gbọ́, ó pọn ọmọ, ó sáré dé ẹnubodè. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni! Mi ò wọ́n omi èèpo sí i. Ẹ bu omi kún un, ká jọ jókòó tì í." Obìnrin tó ti ń fọ́nnu láti Òkúkù pé ìkòkò òun kì í jò, òun ló ń pariwo ara rẹ̀ lẹ́nubodè lójú gbogbo ayé.

Wọ́n bu omi kún un. Wọ́n jókòó. Kò jò. Oníbodè pòṣé. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń mọ ìkòkò, òun ò bẹ Ọ̀ṣun rí pé kí tòun jò, àfi ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, ikùn ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Omi kán, ó tún kán. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, omi inú ìkòkò ò sì kún igbá kan mọ́. Oníbodè fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn lọ́wọ́ Ògúnṣọlá.

Ó wá yíjú sí Ọ̀ṣunfúnkẹ́. "Amọ̀kòkò, ta ni yóò tún ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ báyìí?"

Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má rà á o, bàbá. Lọ́la la ó sọ ọmọ lórúkọ, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀."