Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yá

Nílé wa, Adákẹ́ là ń pe àbúrò mi obìnrin. Kì í ṣe pé kò lọ́rọ̀ lẹ́nu o. Inú ẹnu náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sùn sí. Tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìyá wa ló ń sá sí, àní nígbà tó ti dàgbà tó ẹni tó ń wá ọkọ. Nígbà tó wá ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé ìjọba, ìyá wa ní, "Ọlọ́run mọ bó ṣe ń ṣe é. Ìwé kì í kúkú bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Irọ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀, obìnrin gíga kan tí awò ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí imú, ti sọ fún un pé, "Gbọ́, ìwé kọ́ niṣẹ́ wa níbí, èèyàn niṣẹ́ wa. Máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá. Máa bá wọn ṣeré." Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, mà." Ló bá mú àkísà, ó lọ ń nu eruku lẹ́yìn pẹpẹ ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan, káfíńtà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tó máa ń wá jókòó sídìí fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sán. Ìwé ńlá kan náà ló máa ń kà. Tó bá ṣe tán, á fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sáyè rẹ̀. Kò yá a lọ sílé rí.

"Ìyàwó ìwé," báyìí ló máa ń pe àbúrò mi, "ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé eruku ò tíì gbé e mì?"

Àbúrò mi á kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì: "Ọkọ mi wà, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sinmi."

Bàbá yìí ló mú un mọ èèyàn. Tó bá rí nọ́ọ̀sì tó ń wá ìwé ìdánwò kiri, á ní, "Lọ bá ìyàwó ìwé yẹn, ó mọbi tó wà." Díẹ̀díẹ̀, Adákẹ́ di ẹni tó ń kí èèyàn kí wọ́n tó kí i. Nílé, ó ń rojọ́ débi pé ìyá wa ní ká wá orúkọ mìíràn fún un. Àmọ́ kíkí àti ẹ̀fẹ̀ ló mọ̀. Kò tíì mọ ìbéèrè. Kò bi bàbá rí pé kí ló wà nínú ìwé yẹn tí kì í tán, kò sì sún mọ́ ọn wo àkọlé rẹ̀ rí. Ojú ń tì í láti máa tọpinpin àgbà.

Ọ̀gá wá lọ fún ìsinmi. Ìwé tuntun ń bọ̀, kò sì sáyè. Lẹ́yìn gbogbo ìwé ni wọ́n lẹ bébà kan mọ́, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá yá a. Èyí tí kò bá ti rí òǹtẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Kí ọ̀gá tó lọ, ó ní, "Kóo tó mú èyíkéyìí kúrò, bi àwọn tó ń kàwé níbí." Àbúrò mi ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti yá gágá, ó fẹ́ kí ọ̀gá padà wá bá iṣẹ́ tó ti parí. Ló bá ń ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó ń kó o sínú àpò. Ó kan ìwé kan nípa àwọn ẹyẹ tó ń sọdá òkun: kò sí òǹtẹ̀, ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsù fàlà kiri ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Ó pòṣé, ó sọ ọ́ sínú àpò. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ tó ń lọ bébà àtijọ́ di páálí wá kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá dúró nídìí pẹpẹ, ó ń fọwọ́ kan àwọn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tayọ̀tayọ̀ ni àbúrò mi fi lọ bá a. "Bàbá, kí lẹ ń wá? Ẹ jẹ́ n bá yín wá a."

"Ìwé ẹyẹ mi."

Nígbà tí àbúrò mi ṣàlàyé tán pé ọkọ̀ páálí ti kó o lọ, bàbá jókòó.

"Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń kà á tẹ́lẹ̀, lórí àga yìí. Ibi tó bá dùn mọ́ ọn, á fi pẹ́ńsù fà á. Mo ní, 'Ìwé ìjọba lò ń bà jẹ́ yẹn o.' Á máa rẹ́rìn-ín. Àtìgbà tó ti jáde láyé, tí mo bá débi tó fà, mo máa ń dúró níbẹ̀, kí n lè mọ ohun tó rí."

"Kí ló dé tẹ́ ò yá a, bàbá?"

"Tí èèyàn bá dá ìwé padà, ẹ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ń bà mí kẹ́ẹ má lọ fi rọ́bà pa á rẹ́."

Àbúrò mi sáré dé iléeṣẹ́ páálí, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó sunkún délé. Nígbà tó yá, ó wá irú ìwé náà rí, tuntun, ó gbé e fún bàbá. Bàbá ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan títí dé ìparí.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ó mọ́ tónítóní."

Ó gbé e sáyè ti àtijọ́, kò sì pè é ní ìyàwó ìwé. Tó bá wá báyìí, ìwé ìròyìn ló ń kà.

Lónìí, kò sẹ́ni tí àbúrò mi kì í bi ní ìbéèrè níbẹ̀, ọ̀gá sì ń fi í yangàn. Ìyá wa ní, "Ṣé o rí i, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Àbúrò mi ní ìgbà tóun ṣìnà tán lòun tó béèrè. Ìwé ẹyẹ tuntun náà ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹnikẹ́ni ò tíì yá a, àbúrò mi kò sì jẹ́ kí wọ́n mú un kúrò.